Ta Ní Ń San Owó Iná Ojúlé Yín?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn ti jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi náà wà dáadáa. Òtútù ti ń dín kù níbí, mo ti ń ṣí fèrèsé yàrá mi lọ́sàn-án.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Wọn ò lé mi, èmi ni mo kọ̀wé fún wọn. Ẹ rántí pé ìkànnì ńlá kan tí àwọn èèyàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ayélujára ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń kà, tí wọ́n ń tò, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn tó ń polówó ọjà. Obìnrin kan á kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé oyún bà jẹ́ lára òun. Kílẹ̀ tó mọ́, aṣọ ọmọ tuntun ni wọ́n á máa polówó fún un. Ó sú mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì, Nọ́ọ̀sì àti Káfíńtà, ti dá tiwa sílẹ̀. Kì í ṣe ìkànnì ńlá kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wo àdúgbò tó ní ọ̀pọ̀ ojúlé kéékèèké. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn ṣí sí ara wọn, ẹni tó wà ní ìhín lè bá ẹni tó wà ní ọ̀hún sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀gá kankan tó lè ta gbogbo àdúgbò. Ojúlé tiwa, àwọn àjòjì tó ń tọ́jú arúgbó nílé olówó ló wà níbẹ̀, wọ́n tó irínwó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ilé tó dáa fún ara wọn, àti ilé tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

A fẹ́ alámòójútó mẹ́ta. Láìjẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò ní lè ta ojúlé náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní lè kó orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ fún ará ìta. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ọ̀kan. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ fi wà nídìí ìtẹ̀wé ìròyìn, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni jẹ́. Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí níwájú lọ́yà wà nínú àpòòwé yìí.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta: mo kà á bíi bàbá, mo kà á bí atẹ̀wé, mo tún wá kà á bí arúgbó tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ló dùn mí jù. Orúnkún mi wà níbi tó wà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń dàgbà.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ lo fi sílẹ̀, o ò bi mí. Ó di ìgbà tí o ń wá ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé kí o tó rántí pé o ní bàbá.

O ní kò sí ọ̀gá. Mi ò tíì rí ilé tí kò ní ọ̀gá rí. Ta ní ń san owó iná ojúlé yín? Ẹni yẹn ni ọ̀gá. Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, àsìkò ló ń wò. O ní àwọn tẹ́lẹ̀ ń ta ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Ó dáa. Kí lẹ̀yin wá ń tà? Nítorí ẹni tó bá ní òun ò ta nǹkan kan, tí iná rẹ̀ ò sì kú, ó ní ohun tó ń tà tí kò fẹ́ kí n rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá irú àwọn tó ń dá owó sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ ni yín, tí wọ́n á ní kí èèyàn tètè rà á kó tó wọ́n, tí wọ́n á sì pòórá. Tíṣà kan níléèwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ṣiṣẹ́ kó gbogbo owó tó ń tọ́jú de ìfẹ̀yìntì sínú irú ẹ̀. Lónìí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ó tún ní fóònù òun wà, kí ló dé tí a kì í pè ọ́. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó bá gba inú fóònù kọjá, mi ò gbà pé tiwa nìkan ni. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi bẹ́ẹ̀ báyìí.

Àti pé, kí ni káfíńtà ń wá nídìí kọ̀ǹpútà?

Mi ò tíì fọwọ́ sí ìwé náà. Mo mọ̀ pé bí wàhálà bá dé, ilẹ̀kùn tèmi ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn. Fèsì kíákíá, má sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ yín ní ìfura, bí ẹni pé ẹ ò ní tó tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè yín dùn mí, àmọ́ n ò lè ní kò tọ́. Káfíńtà ló ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ wa wà. Ó kan pákó kan mọ́ ògiri fún un, láàárín agolo gọ́ọ̀mù àti àpótí ìṣó, ó sì fi aṣọ bò ó kí eyín ayùn má baà da lẹ́búlẹ́bú sí i. Òun náà ló ń gbọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lódìlódì, á wá pè mí. Ìyá Nọ́ọ̀sì kú nínú ilé olówó kan tó ti ń tọ́jú arúgbó, kò rí ẹni sọ ìyà tó ń jẹ fún. Ìyẹn ló gbé Nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe wà. Àwọn ojúlé míì ń gba ìdáwó lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú wọn. Ẹni tó bá ní á san, ẹni tí kò ní á wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń gba ìpolówó, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, bí ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé ìròyìn, kò ní ojú tó fi ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni wọ yàrá. Àwọn kan ń bá ẹgbẹ́ tàbí iléèwé kọ́ ojúlé tiwọn, wọ́n á sì máa gba owó ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ń dá owó inú afẹ́fẹ́ náà wà, ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́. Ẹnì kan fi lọ̀ wá, Nọ́ọ̀sì ló ní láéláé.

Àwa ń gba ìdáwó. Nínú èèyàn márùn-ún, ẹyọ kan ló ń san. Ohun tí mo tọ́jú pa mọ́ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́ ni mo fi ń dí èyí tó kù. Ẹ ti rí ọ̀gá náà báyìí, Bàbá: èmi ni, ó sì ti ń rẹ̀ mí.

Àmọ́ ìròyìn ayọ̀ wà. Àjọ aláàánú kan kàn sí wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí, àwọn á gbé ìnáwó wa fún ọdún méjì gbáko, àwọn ò sì fẹ́ nǹkan kan padà. Mo ti kọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn. Bó bá bọ́ sí i, màá sinmi.

Ẹ dákun, ẹ fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

N ò ní kí ọ pẹ́ lónìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan wá bá mi níbi tí mo ti ń yá oòrùn. Eruku ọ̀nà wa, o mọ̀ ọ́n. Bàtà ọkùnrin náà ń dán. Mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó gbé mọ́tò pa mọ́ síbì kan, kò fẹ́ kí n rí i. Ó pe orúkọ mi. Ó mọ̀ pé atẹ̀wé ni mí. Ó kí mi kú oríire pé mo fẹ́ di alámòójútó, ó ní òun àti ìwọ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Mo fún un ní àga, mo bu omi fún un. Ó bi mí bóyá ìwọ lo ni ẹ̀rọ náà, bóyá o ní gbèsè, bóyá o máa ń sọ orúkọ àwọn tó ń kọ̀wé síbẹ̀ fún mi. Mo ní etí mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó wá rọra sún mọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ta ni Bọ́tìnì?”

N ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Mo dúpẹ́ pé n ò gbọ́ ọ rí, nítorí ojú mi ni ó ń wò, kì í ṣe ẹnu mi.

Nígbà tó ń lọ, ó fi fóònù tuntun kan sílẹ̀, ó ní ẹ̀bùn ni. Kí n tó dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé e. Mo ní kó dá a padà, ó ní fóònù kì í ṣe ejò. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Wàyí o. Ìwé alámòójútó yẹn wà lábẹ́ àpótí mi, n ò fi han ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀gbọ́n rẹ. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Èwo nínú yín ló ta mí? Bó bá jẹ́ èmi ni, Nọ́ọ̀sì ni màá kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ń kọ owó níṣojú èèyàn, ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àjọ tí kò fẹ́ nǹkan kan padà yẹn náà ń kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n ìyẹn jìnnà; ọ̀rẹ́ ló sún mọ́ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Bọ́tìnì ni orúkọ tí obìnrin kan ń jẹ́ nínú ojúlé wa. Òun ló kọ̀wé nípa ilé iṣẹ́ kan tó ń kó olùtọ́jú fún àwọn olówó, pé wọ́n ti ìwé ìrìnnà obìnrin mọ́kànlá mọ́ inú àpótí irin. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló máa pàdánù. Èmi àti Nọ́ọ̀sì nìkan la mọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo pe Nọ́ọ̀sì sí ṣọ́ọ̀bù, mo bi í níṣojú Káfíńtà. Mo tiẹ̀ lo ọ̀rọ̀ yín, ti ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn. Kò bínú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò lára àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí pákó tí Káfíńtà ń fá lọ́wọ́. Ó ní, “Ìwọ ló ń sanwó jù lọ nínú wa. Ìwọ ló yẹ kí n ti bi ní ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́, n ò bi ọ́.” Ó sì jáde.

Káfíńtà gbé kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sára ìṣó, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ.

Ẹ dákun, kí ẹ̀gbọ́n mi má dárúkọ mi nínú fóònù yẹn. Mo sì ní láti bi yín náà: ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin méjèèjì ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ ò fèsì. Mo mọ̀ pé ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni. Kò yẹ kí ọmọ bi bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dọ́bálẹ̀, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin.

Mo ti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo jókòó lọ́jọ́ Àìkú, mo ń ka gbogbo ohun tí mo ti fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nínú fọ́ọ̀mù àjọ aláàánú yẹn, wọ́n béèrè àwọn tó máa jẹ́ alámòójútó. Mo kọ orúkọ yín síbẹ̀, mo kọ àdírẹ́sì yín, mo kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Níbi tí wọ́n ti béèrè àpẹẹrẹ iṣẹ́ rere wa, mo kọ nípa Bọ́tìnì pẹ̀lú ìgbéraga. Mo wá wádìí àwọn olórí àjọ náà, ohun tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Méjì nínú wọn ló tún jẹ́ olórí níbi ilé iṣẹ́ tó ń kó olùtọ́jú yẹn, èyí tí Bọ́tìnì kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, Bàbá. Kò sí ọ̀dàlẹ̀ láàárín wa. Ebi owó ló ń pa mí, mo sì ń sọ gbogbo ohun tí olówó bá béèrè.

A ti kìlọ̀ fún Bọ́tìnì, ó ti kó kúrò ní yàrá tó ń gbé. Mo lọ bẹ Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ṣí i.

Lánàá, ìwé àjọ náà dé. Wọ́n ti gbà láti fún wa lówó ọdún méjì, ọjọ́ mẹ́rìnlá la ní láti dá wọn lóhùn. Bí a bá kọ̀ ọ́, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè gbé wa kọjá oṣù kẹjọ. Mo mọ̀ pé èsì yín ò lè bá ọjọ́ náà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dá wà nídìí ìpinnu yìí.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kọ ìwé méjì sí ọ ní oṣù karùn-ún, mo sì ya méjèèjì. Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rí ọkàn ló mú mi.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọkùnrin oníbàtà dídán yẹn pè é lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù náà, ó ń béèrè òpópónà tí o ń gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò sọ fún un. Ó pa fóònù, ó wá jókòó tì mí, kò lè wo ojú mi. Má bínú sí i mọ́ nítorí fóònù náà.

O ní mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni jẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Nígbà tí o wà ní kékeré, oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan ló ń ra ojú ìwé ìkẹyìn ìròyìn wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi rà á. Owó yẹn ló ń sanwó oṣù gbogbo wa, òun ló sì rán ọ níléèwé. Lọ́dún kan, ògiri iléèwé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó, ó pa bíríkìlà méjì. Akọ̀ròyìn wa kọ ọ́ pé wọ́n ti po nǹkan mọ́ sìmẹ́ńtì tí oníṣòwò yìí tà fún wọn. Mo ti to lẹ́tà irin tí a fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́ tán, ó wà lórí tábìlì níwájú mi, pẹ̀lú orúkọ àwọn òkú méjèèjì. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá lọ́sàn-án. Kò ní kí n yọ ọ́. Ó kàn bi mí pé, “Atẹ̀wé, ṣé ojú ìwé ìkẹyìn ti wọlé?” Ó sì pa dà sókè.

Èmi ni mo yọ ọ́, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún mi. Mo fi ìpolówó bàtà dí àyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà náà wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Kò mọ̀wé kà. Ó ní kí n bá òun wá ibi tí orúkọ ọkọ òun wà. Mo bá a wá a, láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn, bí ẹni tí kò mọ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe ń bi ọ́ ta ní ń sanwó iná. Olówó ò nílò kó sọ̀rọ̀. Àwa tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ la máa ń gbọ́ ohun tí kò sọ.

Nítorí náà, má ṣe fi mí hàn àwọn ará ojúlé yín bí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ mi lẹ́yìn rẹ̀, màá lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ọkàn. Mo ka ìwé yín nínú ọkọ̀, mo kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀.

Kó tó dé, mo ti kọ owó náà. Ọjọ́ kẹtàlá nínú mẹ́rìnlá tí wọ́n fún wa ni, Káfíńtà ló bá mi gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà lọ. Lẹ́yìn náà a sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará ojúlé: fọ́ọ̀mù, àṣìṣe mi, iye oṣù tó kù fún wa. Ó tó ọgọ́ta tó bínú kúrò. Mo rò pé ó parí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù, tí wọn ò san kọ́bọ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í san. Mo bi wọ́n kí ló dé tó jẹ́ báyìí. Obìnrin kan ní, “Ẹ ò sọ fún wa rí pé ó ń ná yín lówó. A rò pé ẹ lówó ni.” Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mò ń fi ìnáwó pa mọ́ bí ẹni tójú ń tì, tí mo sì ń bínú pé wọn ò rí i.

Ju ìdajì lọ ló ń san báyìí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ti ní ká bá àwọn kọ́ ojúlé tiwọn, ká sì máa tọ́jú ẹ̀. A ti yọ fídíò kúrò nínú ojúlé wa kí ìnáwó lè dín kù. Kò tíì tó, nítorí náà mo ti gba iṣẹ́: láràárọ̀ ni mò ń wẹ bàbá àgbàlagbà kan tó rò pé àbúrò òun obìnrin ni mí. N kì í jiyàn pẹ̀lú ẹ̀.

Mo ka ìwé yín sí àwọn ará ojúlé létí. Àwọn kan ní láéláé, àwọn ò fẹ́ ẹni tó ti yọ ọ̀rọ̀ òkú. Wọ́n jàre. Nígbà tó yá, Bọ́tìnì kọ̀wé láti ibi tó sá sí. Ó ní, “Ẹni tí kò yọ ọ̀rọ̀ rí ò mọ bó ṣe ń rọrùn tó. Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn wọlé.” A dìbò. Mọ́kàndínlógún péré lẹ fi borí.

Nọ́ọ̀sì ò dìbò. Àmọ́ kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ojúlé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo ti fọwọ́ sí i. Lọ́yà bi mí bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú mi, mo ní ìbéèrè yẹn ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fà mí lọ́wọ́ dìde.

Inú mi dùn sí ìbò mọ́kàndínlógún yẹn ju kó jẹ́ pé gbogbo yín lẹ gbà mí lọ. Ó fi hàn pé àwọn kan á máa ṣọ́ mi. Ìwọ náà, èmi á máa ṣọ́ ọ. Lóṣooṣù, fi ìwé ìnáwó gan-an ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ohun tí o bá ní ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé n ò fọkàn tán ọ. Mo mọ ọ́ ni.

Wàá rí àpòòwé kékeré kan nínú èyí. Nọ́ọ̀sì ló ni ín. Èmi ni mo fi ìfura yẹn sí ọ lẹ́nu, èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Má sọ ọ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Dúró níbẹ̀ títí yóò fi ṣí i, bó bá gbà ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, dúró.

Má sì ṣí i wò. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo sì fọwọ́ sí ojú ibi tí mo lẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá rẹ.